Èmi Ni Mo Wà ní Sinimá, Àbúrò Ọkọ Mi Ni Wọ́n Ń Dá Lẹ́jọ́

Èmi ni mo wà nínú fọ́tò yẹn. Kì í ṣe ọmọ yẹn rárá, èmi ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi ò gbà á, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará Ẹgbẹ́dá pọ̀ lórí page yìí, wọ́n á mọ̀ mí kíákíá. Ọ̀la, tí wọ́n bá kírun Àláásárì tán, ni wọ́n máa pè mí síwájú ìdílé méjì pé kí n wá búra, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú mi. Tẹ́ ẹ bá wá kà á tán tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ẹ máa bú mi lọ, ó tọ́ sí mi.

Opó ni mí. Ọkọ mi kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Ọlọ́run kó fi àlùjánńà kẹ́ ẹ. Inú tákàbá ni mo wà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú gbọ́dọ̀ fi jókòó sílé, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, kò gbọ́dọ̀ jáde àfi tó bá di ọ̀rọ̀ ọsibítù tàbí nǹkan tó pọn dandan. Ilé bàbá ọkọ mi ni mò ń gbé, èmi, ìyá ọkọ mi, àwọn ọmọ mi méjì, àti àbúrò ọkọ mi obìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń pe ọmọ yẹn, ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo wọlé wọn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, èmi ni mo máa ń dirun fún un kó tó lọ sílé kéwú, orí ẹsẹ̀ mi ló ń sùn sí tí mo bá ń dì í. Òun náà, "ìyàwó mi" ló ń pè mí, bí ìyá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ so yìgì ẹ̀, bí wọn ò bá so ó mọ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ sinimá ṣe jẹ́, kẹ́ ẹ má lọ máa rò pé mò ń rìn kiri. Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ lọkọ mi ń ṣe, òun ló máa ń tún ti sinimá kékeré kan ṣe lọ́nà Alákíà. Lóṣooṣù, ọ̀sán Sátidé kan wà tí wọ́n máa ń gbé nǹkan kan sójú screen tí kì í ṣe fíìmù gan-an. Àwọn òyìnbó ló ń ṣe é lórí ìtàgé lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fi kámẹ́rà ká a, òun ni wọ́n ń gbé wá fún wa níbí. Nígbà míì ijó ni, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ọkùnrin á kàn gbé wọn sókè fìrì bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Nígbà míì eré ni, ọ̀rọ̀ ṣáá ni wọ́n á máa sọ. Èyí tó pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní opera, orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo nǹkan. Tó bá fẹ́ mumi, orin. Tó bá fẹ́ kú, orin! Ẹni tí wọ́n ti gún lọ́bẹ o, á ṣì kọrin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣubú. Ìgbà àkọ́kọ́ tọ́kọ mi mú mi lọ, torí mánijà ti ní kó máa wá jókòó tó bá wù ú, èèyàn kì í pọ̀ níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo bi í pé kí ló dé tí obìnrin yẹn ń pariwo báyìí, ṣé wọ́n jà á lólè ni? Ọkọ mi ní kí n dákẹ́, kí n gbọ́. Ọkùnrin tí epo engine ò fìgbà kan kúrò ní èékánná ẹ̀! Ó kàn jókòó, ó tẹ́tí, ojú ẹ̀ ti kún fómi.

Bó ṣe mọ́ wa lára nìyẹn. English kéékèèké máa ń kọjá nísàlẹ̀ screen, kí n tó ka ìdajì ó ti lọ, ọkọ mi ló máa ń kà á, á wá sọ ọ́ sí mi létí ní Yorùbá, jẹ́jẹ́. Ó ní obìnrin yẹn ní òun ò lọ mọ́. Ó ní bàbá yẹn ní àfi tóun bá kú. Nígbà míì mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa fún mi, torí obìnrin yẹn á kọrin kọrin, òógùn á máa yọ lójú ẹ̀, ọkọ mi á ní ó ní ẹ kú ilé o. Ọdún méjì la fi ń lọ. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, torí lójú ìyá wọn, sinimá àti ilé ọtí, ọ̀kan náà ni, a máa ń sọ pé à ń lọ kí àwọn èèyàn mi ni. Nínú ilé tó kún fọ́fọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti èmi àti ọkọ mi nìkan nìyẹn.

Èyí tó kàn yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò tiẹ̀ sọ ọ́ nínú àdúrà. Ọjọ́ tá a lọ kẹ́yìn, opera kan ni wọ́n gbé wá, ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ìyàwó ẹ̀ wá ń dúró dè é létí òkun. Ìdajì àkọ́kọ́ ti fẹ́ parí, obìnrin yẹn dá dúró lóun nìkan, ó ń kọrin, gbogbo irun ara mi ló dìde. Ọkọ mi ò bá mi sọ ohun tó ń kọ mọ́. Ó wá sọ sí mi létí pé àyà ń fún òun. Mo ní kó ní sùúrù, kí wọ́n kọ orin yẹn tán. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kó ní sùúrù! Mi ò tiẹ̀ wojú ẹ̀, screen ni mò ń wò. Ó dúró dè mí. Ìgbà tí wọ́n fi máa tanná fún interval, òógùn ti wẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀, ó sì ń fi agídí rẹ́rìn-ín sí mi. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ lọ sọ́sibítù, ó ní kí n má bínú pé òun ba eré jẹ́ fún mi, pé wọ́n á tún un gbé wá, a máa padà wá wo ìyókù. Kí wọ́n tó kírun Mọ̀gàríbà lọ́jọ́ yẹn, ó ti lọ. Mo sọ fún ìyá wọn pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, pé wọ́n kàn pè mí lórí fóònù ni. Wọ́n gbà mí gbọ́. Àwọn ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Fóònù ọkọ mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè pa á, mo ṣì máa ń cháàjì ẹ̀. Orí ẹ̀ ni message sinimá wọlé sí, pé wọ́n ń gbé opera yẹn padà wá, ẹ̀ẹ̀kan péré, Sátidé, aago méjì ọ̀sán. Mo jókòó lórí ẹní, mo kà á, mo tún kà á. Ó ṣáà ní a máa padà wá wo ìyókù... ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nípò mi ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní lọ? Mo mọ̀ pé kò dáa, mo mọ̀ pé mo wà nínú tákàbá, kò sẹ́ni tó tàn mí. Ọjọ́ yẹn, ìyá wọn kó àwọn ọmọ mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìjàyè, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló wà nílé, inú ń run ún, nǹkan oṣù ẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn, mo rò pé ó ti sùn. Híjáàbù dúdú tí mò ń lò, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n, ìyókù aṣọ mi wà nínú àpótí tí ìyá wọn tì. Mo wá rí híjáàbù ọmọ yẹn kan tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, elésè àlùkò, mo ká a sínú ọ̀rá, mo gba inú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé já, nígbà tí mo fẹ́ yọ sí títì mo wọ̀ ọ́ lé tèmi lórí, mo fi bo imú.

Híjáàbù wòlímọ̀ ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ tọ́mọ bá ṣe wòlímọ̀ pé òun ti ka kéwú já, wọ́n á fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn híjáàbù tuntun. Èmi gan-an ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀ nígbà yẹn! Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ kó tóbi, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọmọ wa ti ka kéwú. Àmọ́ iwájú ẹ̀ kò ní nǹkan kan lára, iwájú ẹ̀ ni mo rí níbi tó fi kọ́ sí, ọkàn mi ò lọ sẹ́yìn rárá. Mo gbé orúkọ ọmọlọ́mọ kọ́ ẹ̀yìn, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Alákíà.

Mo jókòó síbi tá a máa ń jókòó sí. Mo fúnra mi ń ka English yẹn, mò ń sáré kà á, èyí tí mo rí gbá mú ni mo mú. Nígbà tó kan orin obìnrin yẹn létí òkun, mo fi ìka di etí mi méjèèjì. Ìdajì kejì ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn padà dé? Ó padà dé. Irun ẹ̀ ti funfun, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyàwó ẹ̀ ò kọ́kọ́ dá a mọ̀, ìgbà tó wá dá a mọ̀ báyìí, àwọn méjèèjì jọ ń kọrin. Tó bá jẹ́ pé ó kú ni, màá gbé e mì. Pé ó padà dé yẹn gan-an ló pa mí. Mo sunkún níbẹ̀, mo sunkún débi pé mi ò mọ ìgbà tí wọ́n tanná, èmi tí mi ò lè sunkún dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi nítorí èèyàn ń wò mí. Bàbá àgbà kan tó jókòó ní ìlà tèmi, onírùngbọ̀n funfun, mi ò mọ̀ wọ́n rí láyé mi, wọ́n wá bá mi, wọ́n ní pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn torí mi ò ríran, títí a fi dé ìta. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn o. Ọlọ́run gbọ́, gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ti ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá wo fíìmù tiwọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó rí orúkọ ìyàwó àbúrò ẹ̀ lẹ́yìn híjáàbù, ó rí ọwọ́ ọkùnrin nínú ọwọ́ obìnrin, ó yọ fóònù, ó ya á. Kò tiẹ̀ wá síwájú wá wojú mi! Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò yẹn ti dé group ìdílé wọn, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá wa. Wọ́n gbé fóònù wá bá mi lórí ẹní tí mo jókòó sí, wọ́n ní ìyàwó, bá mi wò ó, ojú mi ò ríran dáadáa, ṣé híjáàbù ọmọ yìí nìyí? Mo wò ó. Èjìká mi ni, bó ṣe máa ń wọ́ sí apá òsì. Ẹ̀yìn ara mi ni mò ń wò lórí fóònù. Mo ní, híjáàbù ẹ̀ ni, mà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò purọ́, àbí? Híjáàbù ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n gbé lọ lu ọmọ yẹn.

Látọjọ́ náà, ilé wa ò rí bí ilé mọ́. Ọmọ yẹn búra títí pé òun ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ti ní àwọn ò ní wá mọ́. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní àwọn ò lè mú ọmọ tó ń bá bàbá arúgbó wọ inú òkùnkùn sinimá wọlé. Ìyá wa ò jẹun, wọ́n kàn ń fi tẹ̀síbáà gbá itan, wọ́n ń sọ pé bàbá ẹ̀ ì bá wà láyé. Alfa ìdílé ló wá mú àbá wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn tí kì í jáde, opó tó wà nínú tákàbá, kò sí bó ṣe máa jókòó sílé tí ò ní mọ̀ bóyá ọmọ yẹn jáde. Ó ní kí n wá gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì, kí n sọ níwájú gbogbo wọn pé mo rí i nílé lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ọkọ ẹ̀ gbà. Wọ́n ní táwọn bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà nínú tákàbá, àwọn á gbà pé ẹlòmíì ló yá híjáàbù ẹ̀ wọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní ẹ̀rí tèmi tó àwọn!

Ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá búra pé ó wà nílé, ó wà nílé lóòótọ́, àmọ́ èmi ò sí nílé tí mo fi máa rí i. Ṣé Àlùkùránì ni mo fẹ́ fi ṣeré? Tí mo bá sì sọ pé èmi ni, kí ló máa tẹ̀ lé e? Wọ́n á ní kí ló gbé opó dé sinimá. Wọ́n á ní ta ni bàbá yẹn. Ta ló máa gbà pé mi ò mọ̀ ọ́n? Wọ́n á ní báwo ni mo ṣe mọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á ti tú, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni àìsàn ti kọ lu ọmọ wọn, pé ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ìyá wọn á bi mí pé ṣé kò sọ fún ẹ pé àyà ń fún òun ni? Kí ni kí n dá wọn lóhùn? Pé ó sọ ọ́, mo ní kí wọ́n kọrin tán? Ìyá yẹn ló ń bu oúnjẹ fún mi látìgbà tí mo ti dopó, tí mi ò bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á jókòó tì mí. Wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé bàbá mi. Wọ́n lè gba àwọn ọmọ mi, ta ló máa bá wọn wí? Mo ti tẹ nọ́ńbà alfa lẹ́ẹ̀mẹrin, bó bá ti ní hàló, mo máa pa á.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá jókòó tì mí lórí àpótí. Ó ti gbẹ, ẹ ò lè mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni. Ó ní òun ti mọ ohun tóun máa sọ lọ́la, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n pè mí síta rárá. Òun máa gbà pé òun ni. Ó ní ọkọ òun ti pe òun, pé tóun bá lè jẹ́wọ́ kóun kúnlẹ̀ fún ìyá ẹ̀, wọ́n á forí ji òun, wọ́n á so yìgì náà ní bòńkẹ́lẹ́. Mo lọgun mọ́ ọn, mo ní ṣé orí ẹ̀ dàrú ni, kí ló dé tó máa jẹ́wọ́ ohun tí ò ṣe? Kò bínú. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé yẹn inú ń run òun gan-an, òun wá sí yàrá mi wá tọrọ Panadol, ẹní mi nìkan lòun bá nílẹ̀. Ó ní látìgbà tí fọ́tò yẹn ti dé lòun ti mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbọ́ o! Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń nà án, tí wọ́n ń pè é ní orúkọ burúkú, ó mọ̀, kò sì dárúkọ mi. Ó wá ní, "Èmi, wọ́n ti ní tí mo bá bẹ̀bẹ̀ àwọn á forí jì mí. Ìyàwó mi, ta ló máa forí jì yín?" Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ ìyókù, ó kó wọn wọlé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí, ohun tí mo fẹ́ bi yín ni bóyá kí n sọ̀rọ̀ àbí kí n dákẹ́. Mi ò bi yín bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ń sùn lórí ẹsẹ̀ mi kò lè fi orúkọ àgbèrè wọlé ọkọ nítorí mi, kí wọ́n máa fi bú u títí tó fi máa bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti jókòó síwájú ìyá yẹn lẹ́ẹ̀mejì lónìí, mo la ẹnu, atẹ́gùn ló jáde. Wọ́n wà ní pálọ̀ nísinsìnyí, wọ́n ń ṣa ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ fi ṣàlejò àwọn tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe rí, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún obìnrin tí ọmọ ẹ̀ ní àyà ń fún òun, tí mo ní kó ní sùúrù? Ẹ bá mi wá gbólóhùn kan péré. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, mò ń dúró, fóònù wà lọ́wọ́ mi.